Owó Tí A Fi Rán Ni Níṣẹ́



Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò kàn. Bí ènìyàn bá mú owó rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì wí pé kí a fi í kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ìmọ̀ ìṣègùn, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ayọ̀ gbà á, tí olówó náà sì kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ti ta ni owó náà í ṣe? Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé ti ilé-ẹ̀kọ́ ni, nítorí pé ẹni tí a bá ta lọ́rẹ ni ó ni ọrẹ. Àwọn mìíràn yóò wí pé ti olóògbé ni síbẹ̀, àti pé kò yẹ kí a yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí ó sọ.

Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì kò tó. Owó náà kì í ṣe ti olóògbé mọ́, nítorí ó ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ láti ná bí ó ti wù ú, nítorí a fi owó náà rán an níṣẹ́ ni. Àwọn tí ó ni owó náà ní tòótọ́ ni àwọn tí a rán an sí: àwọn ọmọ tálákà wọnnì, tí a kò tilẹ̀ tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìríjú ni ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ láàrin ẹni tí ó ti lọ àti àwọn tí ń bọ̀. Bí ó ti yẹ kí ìríjú náà hùwà, pàápàá nígbà tí ayé bá yí padà, ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejìlá. Jóáṣì ọba pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí wọn fi owó tí àwọn ènìyàn ń mú wá tún ibi tí ó bàjẹ́ nínú ilé Olúwa ṣe. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ó sì di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, a kò tíì tún ilé náà ṣe. Ẹ kíyèsí i pé a kò kà á níbẹ̀ pé àwọn àlùfáà jí owó náà, tàbí pé wọ́n fi kọ́ ilé ara wọn. Ohun tí a kà ni pé owó wọlé, iṣẹ́ kò jáde. Ó ṣeé ṣe kí olúkúlùkù wọn ní ìdí rere tí ó fi ná èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tí ó sán kò mọ ìdí rere. Sísán ni ó ń sán lọ.

Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà mú àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Nígbà tí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà a jùmọ̀ kà á, wọn a dì í sínú àpò, wọn a sì fi lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọn lè san án fún gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀mọ̀lé, kí wọn sì fi ra igi àti òkúta. Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni èyí: a kò fi owó náà ṣe àwo fàdákà tàbí fèrè fún ilé Olúwa. Ta ni yóò sọ pé àwo fàdákà fún ilé Olúwa kò dára? Ilé kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán owó náà ni. Nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí kẹrìnlélógún, a sì tún kà pé nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe parí tán, wọ́n kó owó tí ó kù wá síwájú ọba àti Jèhóíádà, a sì fi í ṣe ohun èlò ilé Olúwa. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Ìyókù ni wọ́n gbé jáde sí gbangba, síwájú àwọn tí ó ní àṣẹ, kí a tó lò ó fún ohun mìíràn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ wà nínú orí ìwé méjèèjì yìí.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Jèhóíádà fi àpótí dá dúró kò kú. Ní ọdún 1601, ní ìgbà Elizabeth Kìn-ín-ní, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan nítorí àwọn ẹ̀bùn àánú tí a ń lò ní ìlòkulò. Òfin náà ka oríṣìíríṣìí iṣẹ́ tí àwọn aláàánú ti fi ilẹ̀ àti owó sílẹ̀ fún, bí ìrànlọ́wọ́ àwọn arúgbó àti aláìní, ilé-ìwé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì. Ó sì wí pé ẹ̀tàn, ìwà àìṣòótọ́ àti àìbìkítà àwọn tí ó yẹ kí ó san owó náà ni kò jẹ́ kí a lò ó gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ àwọn tí ó fi í sílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe yan àwọn ènìyàn tí yóò máa wádìí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òfin lórí iṣẹ́ àánú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba ni ó fi ẹsẹ̀ lé òfin náà títí di òní.

Nísinsìnyí kí a wá wo ọ̀ràn kan tí ó sún mọ́ ìgbà tiwa. Ní ọdún 1961, Charles Robertson, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1926, àti Marie aya rẹ̀, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ A&P tí ń ta oúnjẹ, fi ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà tí iye rẹ̀ tó 35 mílíọ̀nù dọ́là ta Yunifásítì náà lọ́rẹ. Wọn kò fẹ́ kí a mọ orúkọ wọn, ó sì pẹ́ kí ayé tó mọ ẹni tí ó fi owó náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni pé kí a kọ́ àwọn tí ó ti gboyè àkọ́kọ́, kí a sì pèsè wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, pàápàá jù lọ fún iṣẹ́ tí ó kan àjọṣe Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. A dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó owó náà. Ènìyàn méje ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀: Yunifásítì ni ó ń yan mẹ́rin, ìdílé Robertson ni ó ń yan mẹ́ta.

Marie kú ní ọdún 1972, Charles sì kú ní ọdún 1981. Owó náà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2002, àwọn ọmọ wọn pe Yunifásítì lẹ́jọ́. Wọ́n wí pé àwọn tí ń gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba kò tó nǹkan, àti pé a ti ná lára owó náà fún àwọn ẹ̀ka mìíràn tí kò sí nínú àdéhùn. Yunifásítì dáhùn pé òun kò ṣẹ̀. Pé ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọmọ ṣùgbọ́n kò lè fi agbára mú un wọ iṣẹ́ ìjọba. Pé ayé ti yí padà láti ọdún 1961. Àti pé àwọn olùkọ́ ni ó mọ bí a ti ń pèsè ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ajogún.

Ọdún mẹ́fà ni a fi fa ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí owó tí a ń jà lé lórí ti di nǹkan bí 900 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, kí adájọ́ tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kíkún, àwọn méjèèjì parí ìjà. A gbà pé kí a san 40 mílíọ̀nù dọ́là dípò owó agbẹjọ́rò tí apá ìdílé ti ná, kí a sì fi 50 mílíọ̀nù mìíràn dá àjọ tuntun sílẹ̀ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí àwọn òbí wọn ní lọ́kàn. Èyí tí ó kù, tí ó pọ̀ jù lọ, di èyí tí Yunifásítì nìkan ń ṣàkóso fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà kò sí adájọ́ tí ó sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, èmi náà kì yóò sì fi ara mi sí ipò adájọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí gbogbo wa: 40 mílíọ̀nù dọ́là tí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò kò kọ́ ọmọ kan ṣoṣo.

Àwọn baba wa wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè di òwe yìí mú, kí ó sì wí pé ọgbọ́n orí ni a fi ń jẹ́ iṣẹ́. Pé ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò lè mọ ohun tí òní nílò. Pé òǹrán tí ó gbọ́n yóò fẹ́ kí ìránṣẹ́ lo òye. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ibi tí òwe náà dé. Ó fún ìránṣẹ́ láyè láti tún ọ̀rọ̀ sọ kí ó lè dùn létí ẹni tí a rán an sí. Kò fún un láyè láti lọ sí ìlú mìíràn. Bí a bá rán ọmọ sí Abẹ́òkúta, ó lè gba ọ̀nà tí ó yá; ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sí Ìlọrin, tí ó sì padà wá wí pé iṣẹ́ rere ni òun ṣe níbẹ̀, kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Bí a ti ń kọ́ ọmọ, ìwé tí yóò kà, olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ, wọ̀nyí ni ọ̀nà. Ti ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ, èyíinì ni ìlú. Ti ẹni tí ó rán ni.

Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí olówó pẹ̀lú fẹ́ gba ọ̀nà mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1991, Lee Bass fún Yunifásítì Yale ní 20 mílíọ̀nù dọ́là láti fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀làjú ilẹ̀ Yúróòpù sílẹ̀. Ọdún ń lọ, ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sì béèrè pé kí òun ní ohùn nínú yíyan àwọn olùkọ́ rẹ̀, Yale kọ̀, ó sì dá owó náà padà ní ọdún 1995. Ó dára kí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́ra láti ta ẹ̀tọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ó sì dára bákan náà pé nígbà tí wọn kò lè ṣe iṣẹ́ náà, wọn kò di owó náà mú. Ẹni tí kò bá lè jẹ́ iṣẹ́, kí ó dá owó ọ̀nà padà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù kò tíì dé. Bí iṣẹ́ tí òkú rán ni fúnra rẹ̀ kò bá tọ́ ńkọ́? William Marsh Rice, oníṣòwò kan ní ìpínlẹ̀ Texas, dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1891 pé kí ó wà fún àwọn aláwọ̀ funfun ìlú Houston àti ti Texas, láìgba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pa á ní ọdún 1900. Agbẹjọ́rò kan tí ó ti ṣe ayédèrú ìwé ìhágún ni ó dìtẹ̀ pẹ̀lú ìránṣẹ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gba ogún náà là, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1912. Fún àádọ́ta ọdún, ọmọ aláwọ̀ dúdú kò lè wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ òkú. Kí ni kí àwọn ìríjú ṣe? Bí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, wọ́n ń fi owó ṣe àbòsí lójú Ọlọ́run tí kì í ṣe ojúsàájú ènìyàn. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ti fi hàn pé ìríjú lè ṣe bí ó ti wù ú.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ní ọdún 1963 wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì béèrè ní gbangba pé kí a tú àwọn kúrò nínú ìdè náà. Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dìde láti takò wọ́n. A gbọ́ tiwọn náà. Ní ọdún 1964 a dá àwọn ìríjú náà láre, a gbà wọ́n láyè láti gba ọmọ láìwo àwọ̀ ara, àti láti máa gba owó ilé-ìwé pẹ̀lú; nígbà tí a sì tún gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù, ìdájọ́ náà dúró. Ìdí tí a fi dá wọn láre ni pé olórí ohun tí Rice fẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára, àti pé bí a bá rọ̀ mọ́ ìdè wọ̀nyí, ohun tí ó tóbi yóò bàjẹ́ nítorí èyí tí ó kéré. A lè rí i pé ọ̀nà tí a gbà ní ìgbà Jóáṣì ni wọ́n gbà: wọ́n gbé ọ̀ràn náà wá síwájú àwọn tí ó ní àṣẹ.

Nínú èyí ni mo ti rí ìlànà tí mo lè fi sílẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ òkú wúwo, ṣùgbọ́n kò wúwo ju òdodo lọ. Ayé lè yí padà débi tí iṣẹ́ tí a rán ni kò fi ṣeé ṣe mọ́, tàbí tí kò fi yẹ ní ṣíṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́jọ́ àti adájọ́ pọ̀ sì burú ju èyíinì lọ. Ibi tí àjọ Robertson ti kọsẹ̀, lójú tèmi, kò ju èyí lọ: ẹni tí ń ná owó ni ó ní mẹ́rin nínú méje àwọn tí yóò sọ bóyá a ná an dáradára. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olódodo ni wọ́n, báwo ni ẹlòmíràn yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣọ́ra fún, nítorí àwọn olóòótọ́ ènìyàn a máa bọ́ sínú rẹ̀. Kí a sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ń ná mílíọ̀nù kan náírà lọ́dọọdún lórí ìwé kíkà. Aláàánú kan dé, ó fi mílíọ̀nù kan náírà sílẹ̀ fún ìwé. Àwọn alákòóso fi owó rẹ̀ ra ìwé lóòótọ́, wọ́n sì yọ mílíọ̀nù tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n fi tún ọ́fíìsì ṣe. Ìwé ìṣirò wọn mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìwé mélòó ni ó pọ̀ sí i lórí pẹpẹ ìwé? Kò sí ọ̀kan. Ọ́fíìsì ni aláàánú náà rà, òun kò sì mọ̀. Nítorí náà kò tó kí a béèrè pé, "Kí ni a fi owó yìí rà?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, "Kí ni ó wà lónìí tí kì bá tí sí, bí kì í bá ṣe ti owó yìí?"

Ìjọ wa fúnra rẹ̀ ní Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, a sì ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń dá owó jọ, ìdílé ń fi ẹ̀bùn sílẹ̀ ní ìrántí òbí wọn, ìjọ ń ya owó ìkórè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ aláìní. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń fi fúnni sọ ohun tí ó fẹ́ kedere, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má ṣe dè é mọ́lẹ̀ jù, kí ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí iṣẹ́ náà bá parí tàbí tí kò bá ṣeé ṣe mọ́. Kí ẹni tí ń gbà ya ìwé ìṣirò ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà jùmọ̀ kà á, kí a sì máa ròyìn lọ́dọọdún, kì í ṣe iye owó nìkan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jáde. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàápàá, nígbà tí ó ń kó ìrànlọ́wọ́ lọ fún àwọn ará, jẹ́ kí a yan ẹlòmíràn bá òun lọ, kí ẹnikẹ́ni má bà á lè rí nǹkan fi sùn ún. Bí àpọ́sítélì kò bá ka èyí sí àbùkù, kí ni ó dé tí akápò ilé-ìwé yóò fi bínú nígbà tí a bá ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀?

Nítorí pé ohun kan wà nínú ọ̀ràn Robertson tí kò yẹ kí a gbàgbé. Àwọn ọmọ olówó ni ó lè dúró fún ọdún mẹ́fà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, kí wọn sì ná ogójì mílíọ̀nù láti béèrè ọ̀rọ̀ baba wọn. Ìyá arúgbó tí ó ta epo, tí ó sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lára èrè rẹ̀ fún ọmọ aláìlóbìí kan kí ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ta ni yóò pe ẹjọ́ fún un? Kò ní agbẹjọ́rò, kò kọ ìwé ìhágún, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó fi owó náà sílẹ̀. Ọmọ aláìlóbìí náà pẹ̀lú kò mọ̀ pé a rán ohun kan sí òun. Bí a bá yí owó náà padà, kò sí ariwo kan tí yóò ta. Ẹ̀rí-ọkàn ìríjú nìkan ni ilé ẹjọ́ tí ó kù fún àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bí a bá jẹ́ olóòótọ́. Pípa àdéhùn mọ́ pẹ̀lú ẹni tí ó lè pè wá lẹ́jọ́ kò ju ọgbọ́n ayé lọ. Ṣùgbọ́n pípa á mọ́ pẹ̀lú òkú tí kò lè sọ̀rọ̀, àti pẹ̀lú ọmọ tí kò mọ̀ láti béèrè, èyí ni ìṣòótọ́ tí Olúwa yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ìríjú rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wa, kí ó sì jẹ́ kí a lè ṣí ìwé wa níwájú rẹ̀ láìfojú pamọ́. Àmín.